Ẹ-Padà-Lọ́la àti Ọmọ Tí Wọ́n Ti Dá Ọjọ́ Rẹ̀

Orúkọ tí télọ̀ yìí kọ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà ti sọ ọ́ lórúkọ tiwọn: Ẹ-Padà-Lọ́la. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi í ṣẹ̀sín, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni. Ẹ bá a láàárọ̀ kùtù, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ béèrè aṣọ yín, á gbójú sókè bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn láti rí yín, inú rẹ̀ á sì dùn lóòótọ́. Á ní, "Ẹ mà kú ìrìn o! Ó ku bọ́tìnnì nìkan. Ẹ padà lọ́la." Bọ́tìnnì náà lè kù fún oṣù mẹ́rin.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́. Ẹni tí èjìká rẹ̀ wọ́ pàápàá, bó bá wọ kóòtù tí bàbá yìí rán, á dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá ní kó fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ yín torí pé ẹ lè sanra, á fi sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó bá sì tú u lẹ́yìn ọdún mẹ́ta á bá aṣọ tó pọ̀ tó níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń padà wá. "Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la," ni wọ́n fi ń tu ara wọn nínú lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oníbàárà kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tí òde rẹ̀ jẹ́ ìparí oṣù á ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni. Télọ̀ náà sì kọ́ ọgbọ́n lórí ọgbọ́n wọn. Bí oníbàárà bá ní Sátidé yìí ni òun fẹ́ wọ aṣọ, télọ̀ á rọra fi ọ̀sẹ̀ méjì lé e nínú ọkàn rẹ̀. Bí ẹni náà bá ń búra, á fi mẹ́ta lé e. Ó ní ìbúra ló máa ń tú wọn fó.

Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, oníbàárà ni tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ ni níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tí agogo ń jí, tí agogo ń fún lóúnjẹ, tí agogo ń lé wálé. Ó gbé aṣọ wá rán lọ́jọ́ kan báyìí, ó sì padà wá nígbà mọ́kànlá. Nígbà kẹsàn-án, télọ̀ fún un ní àga tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà kẹwàá, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Nígbà kọkànlá, aṣọ ti parí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò fẹ́ kó parí mọ́. Wọ́n ti fẹ́ra fún ọdún méje báyìí, obìnrin náà ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bó ṣe ń ṣe níwájú tábìlì tó fi ń gé aṣọ.

Ọmọ kan wà láàárín wọn, obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń pè é, torí pé ó gbé bọ́tìnnì mì nígbà tó wà ní oṣù mọ́kànlá, tí gbogbo ilé sì fi ọjọ́ méjì dúró dè é pé kó jáde. Nínú gbogbo bọ́tìnnì tó ti kọjá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ìyẹn nìkan ni kò pẹ́ kó tó dé.

Ìbí Bọ́tìnnì yìí ni egbò tó wà nínú ilé náà. Ìrọbí mú ìyá rẹ̀ láti òwúrọ̀, nígbà tó máa fi di ọ̀sán, àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, kíá sì ni. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ọkọ ní, "Mo ti wà lójú ọ̀nà." Obìnrin náà sì ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń sáré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ ti lo wákàtí mẹ́rin láyé kí bàbá rẹ̀ tó dé. Ó bá a tó ń sùn nínú aṣọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ọmọ télọ̀, nínú aṣọ àyálò!

Ìyá Bọ́tìnnì ò bá a jà. Ì bá tiẹ̀ bá a jà, ì bá sàn. Ohun tó sọ ni pé, "Nígbà tí wọ́n ń gbé mi wọlé, mo nawọ́, mi ò rí ẹnì kankan dì mú. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, tó fi òwú funfun so apá awò ojú rẹ̀, ló fún mi ní ìka méjì. Ìka méjì péré, torí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀." Kò sọ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìka méjì yẹn ti ń bá wọn gbélé.

Nígbà tí oyún kejì dé, àwọn dókítà ní àwọn ò ní dúró de ìrọbí lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n máa dá ọjọ́, wọ́n máa dá aago, wọ́n á fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ya télọ̀ lẹ́nu. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì rí iṣẹ́ tí wọ́n dá ọjọ́ fún tí wọ́n sì ṣe é lọ́jọ́ náà.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa jẹ́ kó bá mi wọlé," ni Ìyá Bọ́tìnnì sọ fún un. "Á jókòó síbi orí mi. Ẹni náà sì gbọ́dọ̀ tètè dé kí wọ́n tó wọ aṣọ fún un. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti tì í nìyẹn. Màmá mi ní àwọn á wọlé, mo ní rárá. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́. Odindi ọwọ́."

Télọ̀ búra pé òun á wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kàn ń wò ó ni, torí òun náà ti jókòó rí lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó mọ ohun tí ìbúra jẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá aago, tọkọtaya jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ilẹ̀kùn ṣí, dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ yọ orí jáde láti pe aláìsàn tó kàn. Télọ̀ mọ̀ ọ́n. Ojú yẹn kì í ṣe ojú àjèjì! Òun ló ni kóòtù aláwọ̀ eérú tó wà lórí ìkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù láti oṣù márùn-ún, kóòtù tí kò tíì ní apá. Ìgbà mẹ́fà ni télọ̀ ti sọ fún ọkùnrin yìí pé ó ku bọ́tìnnì nìkan.

"Inú ń run mí," ni télọ̀ wí, ó sì ti sá wọ ilé ìtọ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó dáhùn. Ó tì í mọ́rí, ó jókòó síbẹ̀ fún odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ń ka àwọn bíríkì ara ògiri. Nígbà tó jáde, dókítà ti lọ, ìyàwó rẹ̀ sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́.

"Ṣé inú ti dá?"

"Ó ti dá díẹ̀. Kí ni wọ́n wí?"

Obìnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, bó ṣe máa ń wo ọmọ iléèwé tó bá ní ewúrẹ́ ló jẹ ìwé òun. "Mọ́ńdè ni," ó wí. "Kí ẹ ti débẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n máa gbé mi wọlé." Ó ti káàdì bọ inú báàgì, ó sì fa síìpù rẹ̀ pa.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé ni télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Aago mẹ́fà ààbọ̀? Dókítà wo ló ń jí bẹ́ẹ̀ yẹn? Oníbàárà ni obìnrin yìí kó tó di ìyàwó, ó mọ irú èèyàn tí òun jẹ́, ó ti ní láti yọ wákàtí mẹ́ta kúrò lára rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni òótọ́ ọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn sí làákàyè ara rẹ̀. Ì bá kàn ní kí obìnrin náà fi káàdì han òun, ṣùgbọ́n ẹni tó sá pa mọ́ sílé ìtọ̀ ò lẹ́nu láti béèrè káàdì.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ẹni tí òun ti tàn nígbà mẹ́fà ló máa di abẹ mú lórí ikùn ìyàwó òun. Ó pinnu pé bí ayé ń bàjẹ́, bí ayé ń dáa, kóòtù yẹn gbọ́dọ̀ parí kó tó di Mọ́ńdè.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ó mú Ìyá Bọ́tìnnì lọ sílé ìwòsàn, ìyá ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé wọn láti dúró tì í. Bọ́tìnnì ti wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Olùkọ́ náà kó ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dání, ó ní kò sí ìdí tí òun fi máa jókòó lásán. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ máa lọ, ó dì í lápá aṣọ mú.

"Aago mẹ́fà o."

"Mo gbọ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá Bọ́tìnnì."

"Má bẹ̀rù," ni ọkọ dáhùn, àjà ló sì ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Mọ́ńdè, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ní aago mẹ́fà, apá kóòtù méjèèjì ti dúró. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ó ti gbẹ́ ojú bọ́tìnnì. Nígbà tó máa fi di aago méje, iṣẹ́ ti parí, kò kù sí ibì kan, síbẹ̀ kò dìde. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àkókò ṣì wà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù gidi tó mú un lẹ́sẹ̀. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí kò bá tíì parí, ta ló lè sọ pé kò dára? Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ òun bá ṣì ń tẹ ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó tíì gé ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó tíì kú. Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

Fóònù dún. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni.

"Bàbá Bọ́tìnnì! Níbo lẹ wà? Wọ́n ti ń gbé e wọlé o!"

"Mo ti wà lójú ọ̀nà, mà!"

Màmá tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ojú ọ̀nà wo ló ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ báyẹn?"

Télọ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ò dúró. Ó wo abẹ́ ẹ̀rọ, ó rí i pé òun ti rán ẹnu àpò kóòtù pa, gbọnyin-gbọnyin, ìlà mẹ́ta. Ó fò dìde. Ó já kóòtù gbà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó kígbe sí onígbàjámọ̀ tó wà nítòsí pé kó bá òun wo ṣọ́ọ̀bù, ó sì bọ́ sí títì pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

Ọlọ́kọ̀ alùpùpù kan dúró fún un. Télọ̀ gòkè, ó ní, "Ilé ìwòsàn, ẹ jọ̀ọ́, kíákíá!" Ìgbà tí ọkùnrin náà yíjú padà ni télọ̀ tó mọ̀ ọ́n.

"Kò burú," ni ọlọ́kọ̀ wí. "Aṣọ ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ó ku bọ́..."

Ọlọ́kọ̀ pa ẹ̀rọ alùpùpù, ó ká ọwọ́ gbera. "Ẹ jẹ́ n gbé yín débẹ̀ lọ́la."

Télọ̀ rí i pé ọgbọ́n ti tán. "Mi ò tíì gé e," ó wí. "Mi ò tíì tiẹ̀ tú u látinú báàgì. Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún."

Ọlọ́kọ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Ọdún kẹta rèé tí mo ti mọ̀ yín," ó wí, "òótọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bá mi sọ nìyí." Ó sì tẹ alùpùpù dé góńgó. Ọ̀nà tó yẹ kó gba ogún ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n lò, télọ̀ dijú títí wọ́n fi débẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì àgbà kan na ọwọ́ dí i. "Ẹ rọra o, bàbá! Ta lẹ ń sáré bá?"

"Ìyàwó mi! Wọ́n ti gbé e wọlé!"

"Wọn ò tíì gbé ẹnì kankan wọlé láàárọ̀ yìí. Ó wà lọ́hùn-ún yẹn, ó ń máàkì ìwé."

Télọ̀ fẹ́ kọjá, àmọ́ ojú rẹ̀ bá awò ojú obìnrin náà pàdé. Òwú funfun ni wọ́n fi so apá rẹ̀ kan. Ó kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀ tòun ti kóòtù, ó dìde, ó sì sáré lọ. Nọ́ọ̀sì náà rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀.

Ìyá Bọ́tìnnì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti dé fìlà iṣẹ́ abẹ, ó fi ikùn ńlá rẹ̀ ṣe tábìlì, báírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ẹni tó ń sọkún. Ẹ̀rín ló ń pa á kú lọ.

"Aago mélòó ni?" ni olùkọ́ béèrè láìgbójú sókè.

Télọ̀ wo aago ara ògiri. "Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n."

Ìyá Bọ́tìnnì fa síìpù báàgì rẹ̀, ó na káàdì sí i. Ohun tí dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀ ni pé: Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ. Kí ẹni tó máa bá a wọlé ti dé ní aago méje ààbọ̀.

"Ẹ ṣì ní ìṣẹ́jú márùn-ún," ó wí.

"Àmọ́ aago mẹ́fà lo sọ fún mi!"

"Bàbá Bọ́tìnnì, tí wọ́n bá gbé aṣọ wá fún yín, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó máa wọ̀ ọ́ lè yí padà, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń fi àyè sílẹ̀."

"Èmi náà fi àyè sílẹ̀ nínú yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa fi wákàtí mẹ́ta lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Màmá pè yín ní aago méje."

"Èmi ní kó sọ pé aago mẹ́rin ìdájí," ni Màmá wí lójú fèrèsé.

Télọ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà tó fi di nǹkan mìíràn. "Ìyá Bọ́tìnnì, lọ́jọ́ yẹn, lọ́jọ́ tá a bí Bọ́tìnnì, kì í ṣe iṣẹ́ ló dá mi dúró. Kò sí aṣọ kankan lábẹ́ ẹ̀rọ. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá ni. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá dé, wọ́n á sọ ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ fún mi."

Obìnrin náà de báírò rẹ̀. "Mo mọ̀," ó wí.

"O mọ̀?"

"Ẹ̀rọ tó ń rán aṣọ àti ẹ̀rọ tó ń sáré lásán, ohùn wọn ò jọra. Ìgbà mọ́kànlá ni mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yẹn." Ó gbé ìwé àwọn ọmọ kúrò lórí ikùn. "Ẹ lọ wọ aṣọ, wọ́n ń dúró dè yín."

Nọ́ọ̀sì àgbà gba téèpù lọ́rùn rẹ̀, ó gba kóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé fún un, ó sì fi fìlà bò ó lórí. Télọ̀ gbé etí aṣọ náà sójú, ó pòṣé. "Ta ló rán eléyìí?" Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹni tó parí rẹ̀ lásìkò ni." Télọ̀ sì tẹ̀ lé e wọlé.

Yàrá náà tutù, iná rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju ọ̀sán lọ. Wọ́n ti gún Ìyá Bọ́tìnnì ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń mú ìsàlẹ̀ ara kú, wọ́n sì ta aṣọ sí àyà rẹ̀ kó má bàa rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Télọ̀ jókòó síbi orí rẹ̀. Dókítà wọlé, ìbòjú bo ẹnu àti imú rẹ̀, ojú nìkan ló hàn.

"Télọ̀, ẹ káàárọ̀ o."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kóòtù yín ti parí, sà. Ó wà níta."

Gbogbo èèyàn inú yàrá ló rẹ́rìn-ín. Dókítà ní, "Ọjọ́ gbogbo ni t'olè. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sá wọ ilé ìtọ̀, bàtà yín ni mo rí lábẹ́ ilẹ̀kùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fi ti kóòtù ṣe é."

"Ọ̀rọ̀ kóòtù ò kan ọ̀rọ̀ ikùn," ni dókítà dáhùn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ gan-an. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi kì í sọ pé ọ̀la."

Ìyá Bọ́tìnnì nawọ́. Ọwọ́ bá ọwọ́. Télọ̀ fún un ní ọ̀tún, ó tún fi òsì lé e. Obìnrin náà fún un mọ́lẹ̀ débi pé gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún àwọn ìka yẹn láti ogún ọdún ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Kò ní kó rọra. Dókítà ní, "Ó máa ṣe yín bí ẹni pé èèyàn ń wá nǹkan nínú báàgì, àmọ́ kò ní dùn yín." Ìyá Bọ́tìnnì di ojú. "Ẹ ṣì wà níbẹ̀?" ó béèrè. "Mo wà níbẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí. Kò pẹ́, ó tún béèrè. Ọkọ rẹ̀ tún dáhùn.

Ìgbà náà ni igbe ta. Wọ́n gbé ọmọ náà sókè lórí aṣọ títa kí wọ́n lè rí i, obìnrin ni, ó tutù rinrin, ó pupa, ó sì ń bínú bí oníbàárà tí wọ́n ní kó padà lọ́la. Télọ̀ la ẹnu. "Èjìká rẹ̀ gbòòrò," ó wí, ó sì bú sẹ́kún.

"Ẹ ti ń wọ̀n ọ́n?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè, omi ń bọ́ lójú tòun náà.

Nígbà tí wọ́n ń rán ojú abẹ pa, ara télọ̀ ti balẹ̀, ẹnu sì ti ń yún un. "Dókítà, ṣé ìlà kan náà lẹ máa rán?" Dókítà ní ipele lórí ipele ni, ti inú lọ́tọ̀, ti òde lọ́tọ̀. Ó ní òwú ti inú á yọ́ fúnra rẹ̀ tó bá yá. "Òwú tó ń yọ́!" ni télọ̀ kígbe. "Bí èmi bá dán irú rẹ̀ wò, wọ́n á sọ mí lókò!" Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí àwọn gbọ́ ara àwọn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ tó là. Ó ti parí kóòtù dókítà, kò sì tíì gé aṣọ tí ọmọ tirẹ̀ máa wọ̀ kúrò nílé ìwòsàn. Wọ́n sì ti ní Tọ́sìdeè, aago mẹ́wàá, ni wọ́n á dá wọn sílẹ̀. Ó lọ sílé, ó mú aṣọ funfun, sísọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ ọwọ́, ó padà wá jókòó lórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Láàárín kí ó bu omi wá, kí ó pààrọ̀ ìlédìí, kí ó di ìyàwó mú nígbà tó bá fẹ́ dìde, ó ń rán aṣọ. Àwọn ìyá ọlọ́mọ yòókù fi í ṣe ìran wò. Ní gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ń béèrè, "Télọ̀, ó kù kí ni?" wọ́n á sì fi ẹnu kan dá ara wọn lóhùn pé, "Ó ku bọ́tìnnì nìkan!"

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, dókítà wọ kóòtù eérú wá wò wọ́n. Ó bá a lára mu bí ìgbà tí wọ́n dà á sí i lára. Ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ àpò, ọwọ́ ò wọlé. Ó wò ó, ó tún gbìyànjú. "Télọ̀, ẹnu àpò dà?" Télọ̀ mú bíléèdì kékeré jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀. Dókítà fa ikùn sínú. "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ni télọ̀ wí. "Kò ní dùn yín."

Ní Tọ́sìdeè, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fi eyín já òwú tó kẹ́yìn, ó gbé aṣọ náà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Olùkọ́ tú u síta sínú, ó wo ojú rírán rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí àyè tó fi sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ló mú báírò pupa, ó yí ẹ̀yìn káàdì ilé ìwòsàn síwájú, ó kọ nǹkan síbẹ̀, ó sì na án sí ọkọ rẹ̀. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Télọ̀ wo máàkì náà. "Mo dé lásìkò. Aṣọ parí lásìkò. Níbo ni méjì tó kù?"

"Ti nọ́ọ̀sì ni," ni Ìyá Bọ́tìnnì wí.

Télọ̀ wo ìka ọwọ́ rẹ̀, ó mú téèpù rẹ̀, ó sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bá nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn bọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn àyà rẹ̀, ó wọn gígùn apá rẹ̀, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹnu ya nọ́ọ̀sì náà.

"Aṣọ lẹ fẹ́ rán fún mi ni? Ẹ ṣé o. Ìgbà wo ni kí n wá mú un?"

Télọ̀ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ogún ọdún ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn tó gbé ọmọ dání, tó dúró, tó ń tẹ́tí.

"Ẹ má wá," ó wí. "Èmi ni n ó gbé e wá fún yín."